Orin Tí Ọmọ Àjídó Gbé Dé Atlanta: Ẹ̀kọ́ fún Àwa Tí Ń Gbé Ẹ̀yìn Odi

Oríta ni Kwangila ní ìlú Zaria. Ọkọ̀ tí ó ń ti Kaduna bọ̀ tí ó sì ń lọ sí Kano mọ ibẹ̀ dáadáa. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń lọ sí Samaru, níbi tí Yunifásítì Ahmadu Bello wà, náà mọ̀ ọ́n. Àwọn tí wọ́n gbọ́ èdè Hausa yóò sọ fún yín pé iṣẹ́ àgbàṣe, èyí tí a ń pè ní kọ́ńtíráàtì, ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà, kwangila. Orúkọ yìí bá ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá tí ń gbé agbègbè yìí mu. Iṣẹ́ ni ó gbé wa kúrò nílé. Àwọn mìíràn rò pé ọdún méjì péré ni àwọn yóò lò, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí ọmọ, ọmọ wọn sì ti bí ọmọ.

Ẹrù tí àwọn bàbá wa dì wá sí ilẹ̀ Hausa nígbà tí ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, kò pọ̀. Síbẹ̀ wọ́n gbé ohun kan wá tí kò gba àyè nínú ọkọ̀, èyí ni orin. Ní Sabon Gari ti Zaria àti ti Kano, ní Kaduna àti ní Jos, bí wọ́n ti ń rí ibùgbé ni wọ́n ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, níbi tí ẹgbẹ́ bá sì wà, orin kì í jìnnà síbẹ̀. Onígbàgbọ́ kó orin ìjọ wá, Mùsùlùmí kó wákà wá, ọdẹ kó ìjálá wá, ìyá ìyàwó kó orin ìgbéyàwó wá.

Ìbéèrè tí ó ń dun ọ̀pọ̀ òbí lọ́kàn nìyí: ọmọ tí a bí sí Zaria, tí ó gbọ́ Hausa àti Gẹ̀ẹ́sì ju Yorùbá lọ, ǹjẹ́ yóò mọ orin wọ̀nyí? Nígbà tí ẹni tí ó gbé orin wá bá ti re ibi àgbà ń rè, ta ni yóò máa dá a? Àwọn àgbà ní, odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ ohun tí odò yóò ṣe kí ó má baà gbàgbé. Ìtàn ẹgbẹ́ akọrin ọkùnrin kan ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà lè là wá lójú lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ Amẹ́ríkà ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni orin Yorùbá kan ni a fi ń dá wọn mọ̀ káàkiri.

BÍ ÀWỌN AKẸ́KỌ̀Ọ́ ỌKÙNRIN ṢE BẸ̀RẸ̀ SÍ KỌRIN

Àṣà kí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin yunifásítì kó ara wọn jọ láti máa kọrin ti pẹ́. Ní ìlú Lund ní orílẹ̀-èdè Sweden, a dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní 1831. Ní Uppsala, ní orílẹ̀-èdè kan náà, ẹgbẹ́ tí a ń pè ní Orphei Drängar bẹ̀rẹ̀ ní 1853. Ní Amẹ́ríkà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Harvard dá tiwọn sílẹ̀ ní 1858, àwọn ti Yale sì tẹ̀ lé wọn ní 1861. Ìdí tí kò fi sí obìnrin láàrin wọn kò ṣòro láti mọ̀: ọkùnrin nìkan ni àwọn yunifásítì wọ̀nyẹn ń gbà nígbà náà.

Nínú ìjọ tiwa, takọ tabo ni ó sábà máa ń kọrin pọ̀; obìnrin ni ó ń gbé ohùn òkè, ọkùnrin ni ó ń gbé tẹ́nọ̀ àti báàsì. Níbi tí kò bá sí obìnrin, a ní láti pín ohùn ọkùnrin sí ọ̀nà mẹ́rin: tẹ́nọ̀ kìíní, tẹ́nọ̀ kejì, báàsì kìíní àti báàsì kejì. Nítorí pé àwọn ohùn náà súnmọ́ ara wọn, bí ẹnì kan bá ṣìnà, etí yóò gbọ́ ọ kíákíá. Irú orin bẹ́ẹ̀ ń kọ́ ọ̀dọ́ ní sùúrù àti bí a ti í fetí sí ẹnìkejì.

Ẹgbẹ́ kan wà láàrin wọn tí ìtàn rẹ̀ kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní 1883, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ìlú Helsinki ní Finland dá ẹgbẹ́ Ylioppilaskunnan Laulajat sílẹ̀. Ní ayé ìgbà náà, èdè Swedish ni àwọn ọ̀mọ̀wé àti àwọn ọlọ́lá ibẹ̀ fi ń ṣe fáàrí. Èdè Finnish ni a kà sí ti àwọn ará oko. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin yìí gbé èdè Finnish sórí pèpéle. Lónìí, a kà wọ́n sí ẹgbẹ́ akọrin tí ó pẹ́ jùlọ nínú àwọn tí ń fi èdè náà kọrin, Jean Sibelius, àgbà olórin orílẹ̀-èdè náà, sì kọ orin fún wọn. Ẹ kò rí i bí? Kì í ṣe ìjọba nìkan ni ó ń sọ èdè di ńlá. Ẹgbẹ́ akọrin tí ó bá mọṣẹ́ lè kún un lọ́wọ́.

ILÉ Ẹ̀KỌ́ TÍ ÀWỌN TÍ Ó GBA ÒMÌNIRA DÁ

Ẹ jẹ́ kí a wá lọ sí Atlanta, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní gúúsù Amẹ́ríkà. Òwò ẹrú dópin níbẹ̀ ní 1865. Ní 1867, a ṣí ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìlú Augusta, nínú yàrá abẹ́ ilé ìjọsìn Springfield Baptist, láti kọ́ àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira. Ilé ẹ̀kọ́ náà kó lọ sí Atlanta ní 1879, ó sì gba orúkọ Morehouse ní 1913. Ọkùnrin nìkan ni ó ń gbà títí di òní, oyè tí yunifásítì ń fún ni ní ó sì ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Kí ó tó di pé Morehouse ní ẹgbẹ́ akọrin, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ takọ tabo ti Fisk, ilé ẹ̀kọ́ mìíràn tí a dá fún àwọn ẹrú tí ó gba òmìnira, ti fi ọ̀nà hàn. Ní 1871, wọ́n jáde lọ kọrin láti wá owó fún ilé ẹ̀kọ́ wọn tí gbèsè fẹ́ wó lulẹ̀. Orin tí àwọn òbí wọn ń kọ nínú oko ẹrú, tí àwọn mìíràn ń tijú rẹ̀, ni ó di ohun tí àwọn ọba àti ìjòyè ilẹ̀ Yúróòpù jókòó gbọ́.

Ní 1911, ọ̀gbẹ́ni Kemper Harreld, ẹni tí ó mọ fáólìnì í ta gidigidi, dé sí Atlanta láti máa darí ẹ̀kọ́ orin. Ọdún náà gan-an ni ó dá ẹgbẹ́ akọrin ọkùnrin sílẹ̀, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Morehouse College Glee Club. Ó darí rẹ̀ fún ọdún 42. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì ní 1953, Wendell Whalum, ẹni tí ó jáde ní Morehouse ní 1952, ni ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọdé ni Whalum nígbà náà. Síbẹ̀ ó di ipò náà mú fún ọdún 34, títí ikú fi mú un lọ ní 1987. David Morrow, tí òun náà jẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yìí, ni ó tẹ̀ lé e. Nítorí náà, láti 1911 títí dé 1987, èyí tí í ṣe ọdún 76, ọ̀gá akọrin méjì péré ni ẹgbẹ́ náà ní.

Wọ́n kọrin ní ọjọ́ ayọ̀, wọ́n sì kọrin ní ọjọ́ ìbànújẹ́. Nígbà tí a sin Martin Luther King ní oṣù kẹrin ọdún 1968, ẹni tí ó gba oyè ní Morehouse ní 1948, ẹgbẹ́ yìí ni ó kọrin nígbà tí a gbé òkú rẹ̀ dé ọgbà ilé ẹ̀kọ́ náà.

ỌMỌ ÀJÍDÓ DÉ ATLANTA

A bí Babátúndé Ọlátúnjí ní 1927 ní Àjídó, ìlú apẹja tí kò jìnnà sí Àgbádárìgì. Inú ìwé ìròyìn ni ó ti kà pé ẹgbẹ́ Rotary ń fún àwọn ọ̀dọ́ ní owó ẹ̀kọ́ láti lọ sí òkè òkun. Òun àti ìbátan rẹ̀, Akínṣọlá Akíwọwọ, kọ̀wé, wọ́n sì rí i gbà. Ní 1950, wọ́n dé Morehouse. Akíwọwọ padà wá di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ní ti Ọlátúnjí, iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè ni ó ní lọ́kàn láti ṣe. Kò lérò pé ìlù ni yóò sọ òun di ẹni tí ayé mọ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó bá níbẹ̀ kò mọ ohunkóhun nípa ilẹ̀ Áfíríkà ju ohun tí wọ́n rí nínú sinimá lọ. Ọlátúnjí bẹ̀rẹ̀ sí fi ìlù, ijó àti orin hàn wọ́n bí ilé ṣe rí. Ẹ má gbàgbé pé Whalum ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí Ọlátúnjí dé. Ọdún méjì ni àwọn méjèèjì jọ lò nínú ọgbà kan náà. Nínú àwọn orin tí Ọlátúnjí mú wá ni orin Kérésìmesì kan ní èdè Yorùbá wà, èyí tí ó ń yin Ọlọ́run nítorí ọmọ tí a bí ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Whalum to orin náà fún ohùn ọkùnrin mẹ́rin pẹ̀lú ìlù, a sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé pẹ̀lú orúkọ àwọn méjèèjì. Betelehemu ni àkọlé rẹ̀.

Ọlátúnjí gba oyè ní 1954, ó sì lọ sí New York. Níbẹ̀ ni ó ti ṣe àwo orin Drums of Passion, tí ó jáde ní 1960, èyí tí ó gbé ìlù wa dé etí àìmọye ènìyàn. Ó kú ní California ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2003, ọjọ́ kan ṣáájú ọjọ́ ìbí rẹ̀ kẹrìndínlọ́gọ́rin.

Ẹ wá wo iṣẹ́ Olúwa. Ọdún mẹ́rin péré ni ọmọ Àjídó lò ní Morehouse. Àwọn tí wọ́n jọ kàwé ti di arúgbó, ọ̀pọ̀ ti lọ. Síbẹ̀, ní gbogbo oṣù kejìlá, nígbà tí àwọn ọkùnrin Morehouse àti àwọn obìnrin Spelman, ilé ẹ̀kọ́ aládùúgbò wọn, bá pàdé fún orin Kérésìmesì, ènìyàn ń retí Betelehemu bí ẹni ń retí ọbẹ̀ lórí iyán. Àwọn ẹgbẹ́ akọrin mìíràn káàkiri ayé náà ti kọ́ ọ, Yorùbá sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́.

OHUN TÍ KÒ JẸ́ KÍ ORIN NÁÀ KÚ

Èkíní ni pé a kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọpọlọ Ọlátúnjí nìkan ni orin náà wà, ìbá bá a lọ sí New York ní 1954. Èkejì ni pé a fi í lé ẹgbẹ́ lọ́wọ́, kì í ṣe ẹnì kan. Ẹgbẹ́ akọrin ilé ẹ̀kọ́ dàbí odò: omi tí ó wà níbẹ̀ lánàá kọ́ ni ó wà níbẹ̀ lónìí. Ní ọdọọdún ni àwọn kan ń gba oyè lọ, tí àwọn tuntun ń wọlé. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ń kọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kí ó tó jáde. Ẹ̀kẹta ni pé orin náà ní ọjọ́ tirẹ̀ nínú ọdún. Orin tí kò ní ọjọ́ ni a máa ń gbàgbé. Ẹ̀kẹrin, wọn kò túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Amẹ́ríkà ni ó ń tẹ ahọ́n rẹ̀ ba fún Yorùbá, kì í ṣe Yorùbá ni ó tẹ̀ fún un.

Ohun tí Atlanta kò ní náà wà, ó sì yẹ kí a sọ ọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó kọ orin náà láìṣìnà lè má mọ bí a ti í kí àgbà ní òwúrọ̀. Orin náà yè, ṣùgbọ́n kò sọ ẹnikẹ́ni di ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá. Àwa tí a ní ìyá àgbà nílé, tí ó lè túmọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ inú orin fún ọmọ, ni a ní ohun tí wọn kò ní.

OHÙN KÒ ṢEÉ FI ṢERÉ

Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fi èdè wa kọrin ní láti mọ̀ pé ohùn ni ẹ̀mí rẹ̀. Ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀, ọkọ yàtọ̀ sí ọ̀kọ̀. Bí orin bá gbé ohùn sókè níbi tí ó yẹ kí ó sọ̀ kalẹ̀, ìtumọ̀ ti sọnù. Ìṣòro yìí ni ó bá àwọn àgbà ìjọ nígbà tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí abẹ́ ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnu ń sọ ohun kan, etí ń gbọ́ òmíràn.

T. K. Ekundayo Phillips, tí ó jẹ́ atẹdùùrù àti ọ̀gá akọrin ní Kàtídírà ti Kírísítì ní Marina ní Èkó láti 1914 títí di 1962, fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ojútùú sí i. Ó ń kọ orin tí ohùn rẹ̀ bá ti ọ̀rọ̀ mu, ó sì tẹ ìwé kan jáde ní 1953 lórí orin Yorùbá. Ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin àti ọmọdékùnrin ni ẹgbẹ́ akọrin tí ó darí. Ọ̀pọ̀ àgbà olórin ilẹ̀ wa, Fẹlá Ṣówándé pẹ̀lú, ni ó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ọ̀kan nínú wọn kàn wá tí ń gbé Àríwá. Ìlú Jos ni a bí Ayọ̀ Bánkọ́lé sí ní 1935, nítorí pé ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ti jẹ́ atẹdùùrù àti ọ̀gá akọrin ní ìjọ Áńgílíkà ti Luku Mímọ́. Ọmọ àwọn tí ń gbé ẹ̀yìn odi ni, bí àwọn ọmọ tiwa. Láti ilé orin ní Jos ni ó ti dé Èkó, ó wọ ẹgbẹ́ akọrin Kàtídírà, ó kàwé orin ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Cambridge, ó sì di olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó ní 1969, níbi tí ó ti kó àwọn ọ̀dọ́ jọ tí ó sì kọ́ wọn ní orin títí ó fi kú ní 1976. Ta ni ó wá lè sọ pé orin Yorùbá kò lè ta gbòǹgbò ní ilẹ̀ Àríwá?

OHUN TÍ Ó KÙ SÍ WA LỌ́WỌ́

Yunifásítì Ahmadu Bello ti wà ní Samaru láti 1962. Lọ́dọọdún ni àwọn ọmọ wa ń ti ilé wá síbẹ̀, tí wọ́n ń dara pọ̀ mọ́ àwọn tí a bí sí Sabon Gari àti agbègbè Kwangila. Nínú wọn ni a ti lè rí akọrin. A kò sọ pé kí a dá Morehouse kejì sílẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé kí a ṣe ohun kékeré tí ó ṣeé ṣe.

Ẹ lọ bá àwọn àgbà tí wọ́n mọ orin. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ; fóònù tí ó wà lápò ọmọ yín tó fún iṣẹ́ náà. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ orin sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kí ẹ sì kọ àmì dò-rè-mí sí i lórí. Ẹ má ṣe fi ẹ̀dà kan ṣoṣo sínú kọ́bọ́ọ̀dù ìjọ. Àwọn tí wọ́n wà ní Zaria ní oṣù kẹta ọdún 1987 rántí rògbòdìyàn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Kafanchan tí ó sì ràn dé ọ̀dọ̀ wa, bí iná ṣe jó ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn. Iná kì í yọ ìwé orin sílẹ̀. Ẹ̀dà kan níhìn-ín, ẹ̀dà kan nílé ní Ọ̀yọ́ tàbí Ìjẹ̀bú tàbí Ìlọrin, kì í ṣe àṣejù.

Lẹ́yìn náà, ẹ fún orin náà ní ọjọ́. Kí ẹgbẹ́ ìlú yín mọ̀ pé ní ọjọ́ Kérésìmesì, tàbí ní ọjọ́ Iléyá, tàbí ní ìpàdé ọdún, orin báyìí ni àwọn ọ̀dọ́ yóò kọ, wọn yóò sì kọ ọ́ ní ọdún tí ń bọ̀. Bí ọmọ Hausa tàbí ọmọ Igbo tí wọ́n jọ ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ bá fẹ́ kọ ọ́ pẹ̀lú wọn, ẹ jẹ́ kí ó wọlé. Àlejò ni ó pa orin tiwa mọ́ ní Atlanta. Lẹ́yìn gbogbo ìfidánrawò, kí àgbà kan sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan fún wọn, kí ọmọ má baà dàbí ayékòótọ́ tí ń sọ ohun tí kò yé e.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tí a bí sí àjò tó lè mọ ilé nígbà tí ó bá dé ibẹ̀, ó yẹ kí ó ti gbọ́ ohùn ilé rí. Kí Elédùmarè má jẹ́ kí a rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà, kí ó sì mú gbogbo wa délé láyọ̀.